Ibi Tí Àkàbà Ní Kí Wọ́n Dá Ìtàn Náà Dúró

Ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ kan dojú kọ ilé ìwòsàn ńlá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ kóòtù funfun àwọn dókítà àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn. Nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yìí ni obìnrin kan ti ń lọ aṣọ láti ìgbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ti wà nílé ìwé jẹ́léósinmi, títí ọmọ náà fi dàgbà, tó lọ́kọ, tó sì bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú tó jìnnà. Alọṣọ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ooru áyọ́ọ̀nù ti fá irun apá ọ̀tún rẹ̀ dànù pátápátá, apá náà sì ki ju ti òsì lọ, débi pé bó bá rán aṣọ tuntun, apá ọ̀tún aṣọ náà níí kọ́kọ́ fún mọ́ ọn lára. Ọkọ rẹ̀ a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ fún àwọn àlejò.

"Ẹni tó bá fẹ́ bá ìyàwó mi jà, kó gba apá òsì wá o. Ẹni tó bá gba apá ọ̀tún wá, kó ti dágbére fún ará ilé rẹ̀."

Péńtà ni ọkọ náà. Ó ga gogoro, ló jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Àkàbà. Bó bá ń kun ilé lọ́wọ́, súfèé rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbọ́ kí wọ́n tó rí i. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, ọ̀dà á ti ta sí i ní ìpéǹpéjú, ìyàwó rẹ̀ á jókòó tì í, á fi òróró nù ún kúrò díẹ̀díẹ̀, òun náà á di ojú, á máa ròyìn ilé tó kùn lọ́jọ́ yẹn: onílé tó fẹ́ àwọ̀ tí kò sí láyé, ìyàwó ilé tó ní kó pa á rẹ́ kó tún un kùn. Ibi tí wọ́n ti ń gbádùn ara wọn jù lọ nìyẹn. Wọn kì í ṣe ẹlẹ́sìn gbígbóná. Wọ́n ní Ìwé Mímọ́ kan nílé, èyí tí wọ́n fún wọn lẹ́bùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, orí kọ́bọ́ọ̀dù ló sì máa ń wà lábẹ́ àwọn aṣọ òtútù.

Ògiri ibi àtẹ̀gùn ilé ìwé kan ni Àkàbà ń kùn lọ́jọ́ tí nǹkan dojú rú. Iṣẹ́ ti parí. Ó ti ń fọ búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kó tó tajú kán rí ibì kékeré kan lókè tí ọ̀dà ò ti mú dáadáa. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní kó fi í sílẹ̀, pé ta ló máa gbójú sókè débẹ̀?

"Èmi ti rí i ná," ni Àkàbà wí.

Ó gun òkè padà. Ó na ọwọ́, ó nà án jù, ó sì já bọ́ sórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀yìn ló fi gúnlẹ̀.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó pe Alọṣọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú o. Okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ti já. Láti ìbàdí wọn lọ sísàlẹ̀, wọn ò ní mọ nǹkan kan lára mọ́. Kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè tún un ṣe."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, kọ́là kóòtù rẹ̀ ni Alọṣọ ń wò. Òun ló lọ kóòtù náà. Kọ́là yẹn ti ká lápá kan, ó sì ń ṣe é bíi kó nawọ́ tẹ́ ẹ padà. Ìyẹn nìkan ló ń rò. Ìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà ọgbà ilé ìwòsàn ló tó mọ ohun tí wọ́n sọ fún òun, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Nígbà tí wọ́n dá Àkàbà sílẹ̀, bàbá aránbàtà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wọn ló pe àwọn ọkùnrin àdúgbò jọ, wọ́n gbé e lórí àga gun òkè. Yàrá tí òun fúnra rẹ̀ kùn ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Alọṣọ gba ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ pé kí òun máa yà wálé lọ́sàn-án láti yí ọkọ òun padà, kí ó má baà sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo títí ara rẹ̀ á fi bó. Ó ń wẹ̀ fún un, ó ń pààrọ̀ aṣọ ìdí rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ péńtà wá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sọ̀rọ̀ pariwo, wọ́n rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò yọjú mọ́. Àkàbà ò bá wọn wí. Kò tiẹ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ọmọ wọn bá pè lórí fóònù, á ní, "Mo wà pa," á sì dá fóònù padà fún ìyá rẹ̀. Súfèé ti wábi gbà.

Obìnrin àgbà kan wà tó máa ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn yẹn, tó ń kàwé fún àwọn aláìsàn tí kò lálejò. Ìyá Aláwò ni wọ́n ń pè é, torí pé awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ibẹ̀ ló ti mọ Alọṣọ. Ó wá kí wọn nílé lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, ó sì rí bí ọkùnrin náà ṣe kọ ojú sí ògiri tí kò dáhùn ìkíni. Ó fa Alọṣọ sí ibi àtẹ̀gùn.

"Ọmọ mi, ìwọ gan-an ti gbẹ. Ṣé o ń sùn?"

"Mò ń dùbúlẹ̀, Màmá."

"Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mú ìtàn kan ṣoṣo nínú Ìwé Mímọ́, kí o máa kà á fún un lójoojúmọ́. Má wá ìtumọ̀ kankan o. Má sáré. Ẹ jọ wọnú ìtàn yẹn bí ẹni wọ yàrá, kí kálukú yín wá ibi tó máa jókòó sí níbẹ̀. Ìbàlẹ̀ ọkàn á bá yín níbẹ̀."

"Tí kò bá wá ńkọ́?"

"Á wá," ni ìyá àgbà náà wí, bí ẹni tó ti bá a ṣe àdéhùn.

Alọṣọ wá Ìwé Mímọ́ jáde lábẹ́ aṣọ òtútù. Kò mọ èyí tó máa mú. Níkẹyìn ó rántí ìtàn kan tí wọ́n kọ́ ọ ní kékeré, ti adágún omi tí àwọn aláìsàn ń yí ká. Gbogbo wọn sùn sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ márùn-ún, afọ́jú, arọ, àwọn tí ara wọn ti rọ, wọ́n ń retí kí omi náà rú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ ló máa rí ìwòsàn. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tó ti ń ṣàìsàn láti ọdún méjìdínlógójì, tí kò lẹ́ni tó máa gbé e sínú omi. Olúwa dé, ó bi í bóyá ó fẹ́ kí ara òun le, ó ní kó dìde, ọkùnrin náà sì ká ẹní rẹ̀, ó ń rìn lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ló kà á, lẹ́yìn tó ti bọ́ ọkọ rẹ̀ tán. Àkàbà dojú kọ ògiri. Nígbà tó kà á dé ibi ọdún méjìdínlógójì, èjìká ọkùnrin náà mì. Alọṣọ rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni.

"Ọdún méjìdínlógójì," ni Àkàbà wí. "Èmi ò tíì pé ọdún kan, ògiri yìí ti sú mi. Ẹ̀hẹn. Ẹ tún un kà."

Ó tún un kà. Báyìí ni ìtàn náà ṣe di ti ìrọ̀lẹ́. Bó bá dé láti ibi iṣẹ́, tó yí ọkọ rẹ̀ padà, tó bọ́ ọ, á mú ìwé náà, á jókòó síbi tó máa ń jókòó sí láyé àtijọ́ láti nu ọ̀dà. Ọkùnrin náà á sì máa bi í ní ìbéèrè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbéṣẹ́ fún.

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ márùn-ún. Ta ló kun àwọn òpó wọn?"

"Wọn ò sọ ọ́, Bàbá."

"Ẹ̀gbẹ́ omi ni, ọ̀dà á máa bó níbẹ̀. Kí wọ́n fi ẹfun kùn ún lọ́dọọdún ni. Báwo ni ibi tó sùn sí ṣe jìnnà sómi sí?"

"Wọn ò sọ ìyẹn náà."

"Ọdún méjìdínlógójì! Ká ní ó ń fi ìdí wọ́ díẹ̀díẹ̀ lójúmọ́, kò ní ti débẹ̀ ni? Ọkùnrin yìí, ibẹ̀ ti mọ́ ọn lára jàre."

Alọṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pẹ́ tí ẹ̀rín ti wọ yàrá yẹn kẹ́yìn. Bàbá aránbàtà gbọ́ ọ nísàlẹ̀, ó sì sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ara Àkàbà ti ń yá. Àkàbà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Bí ọmọ wọn bá pè, á bá a sọ̀rọ̀ pẹ́. Alọṣọ ń sùn. Ó sọ fún Ìyá Aláwò pé ohun tó wí ti ń rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Kò sọ ìyókù fún un. Àṣé bí ọkùnrin náà ṣe ń bá àwọn aláìsàn jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibòmíràn ni ìyàwó rẹ̀ jókòó sí nínú ìtàn ọ̀hún. Ìparí rẹ̀ ló kó sí. Bó bá ti ku díẹ̀ kó débẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kà á, bó bá sì ti ka ọ̀rọ̀ tí Olúwa sọ fún arọ náà tán, á yára gbójú kúrò lórí ìwé, á wo ìsàlẹ̀ aṣọ ìbora ọkọ rẹ̀, níbi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ wà.

Àkàbà rí i.

"Ẹsẹ̀ mi lẹ̀ ń wò," ló wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Rárá o. Mo rò pé eṣinṣin bà sí aṣọ yẹn ni."

Ọkùnrin náà ò jiyàn. Ó kàn ń wò ó tàánútàánú, bí ẹni pé obìnrin náà ló dùbúlẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí oòrùn mú, Alọṣọ tètè kúrò níbi iṣẹ́. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára. Ó ti gbààwẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kò jókòó láti kà á lọ́jọ́ náà, ìdúró ló wà, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè. Nígbà tó dé ibi ìdìde, ó ju ìwé náà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ká aṣọ ìbora dànù, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ dìde."

"Ẹ fi mí sílẹ̀."

"Ẹ dìde. Mo bẹ̀ yín ni. Torí tèmi, ẹ gbìyànjú ẹ̀."

Àkàbà wo ojú rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò lè ṣeé ṣe, bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tí obìnrin yìí tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tó ti ṣubú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti bẹ́ẹ̀dì, ó gbé àyà sókè, ó ju ara rẹ̀ síwájú tagbáratagbára. Ó ṣubú lulẹ̀ gbì, ìyàwó rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Alọṣọ gbìyànjú láti gbé e, apá rẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ò ká a. Ó pariwo, kò sẹ́ni tó gbọ́; bàbá aránbàtà ti lọ ra awọ. Wọ́n wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì náà ń ta ooru. Ó pẹ́ kí Àkàbà tó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ò sì le.

"Ẹ má ka ìwé yẹn sí mi létí mọ́."

Nígbà tí bàbá aránbàtà dé tó gbọ́ ìró wọn, òun àti àwọn ọkùnrin méjì gbé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìdí rẹ̀ ti bó nílẹ̀. Níbi tí kò ti mọ nǹkan kan lára ni, kò sì dùn ún, ló ṣe jẹ́ pé egbò náà ti jinlẹ̀ kí Alọṣọ tó mọ bó ṣe burú tó. Nọ́ọ̀sì ń wá wẹ̀ ẹ́. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́. Egbò náà ń jẹ wọnú ni. Ibà wá, ó lọ, ó tún wá. Nọ́ọ̀sì sọ fún Alọṣọ pé irú egbò bẹ́ẹ̀ lè yọ sí ẹni tó bá dùbúlẹ̀ pẹ́, pé kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Alọṣọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbà á gbọ́.

Ìwé Mímọ́ ti padà sábẹ́ aṣọ òtútù. Yàrá náà tún dákẹ́. Ọmọ wọn wá, ó jókòó ti bàbá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sunkún, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tirẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tí ọmọ náà lọ, nígbà tí oúnjẹ ò lọ lẹ́nu Àkàbà mọ́, ó ní kí ìyàwó òun mú ìwé náà wá.

Alọṣọ ní, "Ẹ ti ní kí n má kà á mọ́."

"Ẹ kà á. Ṣùgbọ́n ẹ má kà á tán. Ẹ kà á dé ibi tí gbogbo wọn ti dùbúlẹ̀, kí ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé."

"Olúwa fúnra rẹ̀?"

"Á wá bó bá fẹ́ wá. Ẹ ṣáà dúró níbẹ̀ ná."

Ó kà á. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ márùn-ún, àwọn afọ́jú, àwọn arọ, omi tó dákẹ́ rọ́rọ́. Ó dúró. Àkàbà di ojú.

"Ẹni kan ṣoṣo ló dìde lọ," ló wí. "Ṣé ẹ ti rò ó rí? Àwọn yòókù ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n pọ̀ lọ jàra. Bí ilẹ̀ ṣe ṣú lọ́jọ́ yẹn, wọ́n jọ sùn ni. Ẹni tó ṣẹ́ búrẹ́dì kù fún ẹnì kejì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń pa àwọn tó kù lẹ́rìn-ín á wà níbẹ̀, mo mọ̀. Wọn ò kọ ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ wọ́n. Ibẹ̀ ni mo wà. Ibẹ̀ ò burú."

"Èmi ńkọ́?" ni Alọṣọ bi í. "Níbo lèmi wà?"

Ó rò ó títí. "Mi ò rí yín níbẹ̀," ló wí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló fẹ́ sọ fún un. Kò mọ̀ pé ó dun obìnrin náà dé eegun.

Láti ọjọ́ yẹn, ibẹ̀ ni ó máa ń ka ìtàn náà dé tó máa ń dúró. Ojú Àkàbà tutù. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni mọ́, kò bẹ̀rù. Nọ́ọ̀sì ní òun ò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí pẹ̀lú irú egbò yẹn. Ó kú lọ́wọ́ ìyálẹ̀ta, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń wọ bàtà láti lọ síbi iṣẹ́. Obìnrin náà gbọ́ bí èémí ọkọ rẹ̀ ṣe yí padà, kó tó bọ́ bàtà kan sílẹ̀, ó ti tán.

Wọ́n sin ín. Àwọn péńtà ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, wọ́n tún sọ̀rọ̀ pariwo. Nígbà tí ilé dá, Ìyá Aláwò wá jókòó ti Alọṣọ.

"Ọmọ mi, mo gbọ́ bó ṣe lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìbàlẹ̀ ọkàn wá lóòótọ́, àbí kò wá?"

"Ó wá, Màmá," ni Alọṣọ dáhùn. "Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló wá. Kò yà sọ́dọ̀ mi."

Ìyá àgbà náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún.

"Èmi ni mo gbé e ṣubú," ni Alọṣọ wí. "Mo fẹ́ kó dìde ni. Ibi tó ti rí ìsinmi, èmi ò lè débẹ̀, torí pé ẹsẹ̀ mi dá ṣáṣá. Bí mo bá sì dé ìparí ìtàn, ọkùnrin tó ká ẹní rẹ̀ lọ yẹn, inú ń bí mi sí i. Kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn."

"Máa kà á ṣáá," ni Ìyá Aláwò wí. Ohùn rẹ̀ ò fi hàn mọ́ pé ó dá a lójú bíi ti tẹ́lẹ̀.

Alọṣọ padà síbi iṣẹ́. Kóòtù ń wá, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ń wá, ó ń lọ̀ wọ́n, ó ń ká wọn jọ. Bó bá délé nírọ̀lẹ́, á jẹun díẹ̀, á jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, á ka ìtàn náà sókè nínú yàrá òfìfo. Lọ́jọ́ mìíràn á kà á tán, lọ́jọ́ mìíràn á dá a dúró ní ìdajì. Kò sí ìyàtọ̀. Ọmọ rẹ̀ ti ní kó kó wá bá òun, Alọṣọ ní òun ń bọ̀, kò sì lọ. Lọ́jọ́ kan tí ọmọ náà pè, ó gbọ́ pé ohùn ìyá rẹ̀ há.

"Ìwé yẹn náà lẹ tún ń kà, Màámi?"

"Òun ni."

"Ṣé ó ń ràn yín lọ́wọ́?"

"Rárá."

"Kí lẹ wá ń kà á fún?"

Alọṣọ wo ìwé náà lórí itan rẹ̀.

"Kí ni kí n wá máa ṣe nírọ̀lẹ́?" ló wí, ó sì bèèrè àlàáfíà àwọn ọmọ.